Gáàsì tó ń jáde láti inú ilẹ̀ oko: òṣùwọ̀n wo ni a fi ń fi orílẹ̀-èdè wéra?

Oríṣìí àtẹ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń pín kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó to àwọn orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí gáàsì nitrous oxide tí wọ́n ń tú sínú afẹ́fẹ́ lọ́dọọdún ṣe pọ̀ tó. Ṣáínà ló máa ń wà lókè, Íńdíà a tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà àti Bùràsíìlì kì í jìnnà, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó pọ̀ jù a sì wà nísàlẹ̀. Bí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, ẹnìkan kò ní ṣàì sọ pé ọwọ́ àwa mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Àtẹ náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè ohun tí wọ́n fi wọn nǹkan tó wà nínú rẹ̀, a kì í sì í béèrè ohun tó mú kí iye tiwa kéré.

Gáàsì yìí kan náà ni àwọn dókítà eyín ń lò láti dín ìrora kù, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ ń fà láti inú bàlúùnù nílùú London títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fi òfin dè é ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Èyí tí ilẹ̀ oko ń tú jáde kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń yẹ ìmọ̀ nípa ìyípadà ojú ọjọ́ wò, ṣírò rẹ̀ nínú ìròyìn wọn ti ọdún 2021 pé kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó kílò 273 gáàsì kábọ́nì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì ń pẹ́ lójú òfuurufú ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ó tó túká. Ó tún ń jẹ ózóònù tó ń bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Ravishankara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2009 pé nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ṣì ń tú jáde tó ń ba ózóònù jẹ́, òun ló léwájú, nítorí pé àdéhùn Montreal, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo ózóònù, ti ká àwọn yòókù lọ́wọ́ kò. Kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, nǹkan bí 270 ni ìwọ̀n rẹ̀ nínú bílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, ó ti di 332.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń ṣe é. Bí àgbẹ̀ bá da yúríà sí ìdí àgbàdo, omi inú ilẹ̀ a yọ́ ọ, a di amóníà, àwọn kòkòrò kan a sì sọ amóníà náà di náítíréètì tí gbòǹgbò lè fà mu. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, díẹ̀ nínú náítírójìn náà a yọ́ jáde bíi gáàsì. Bí òjò bá tún wá rọ̀ tí omi sì dí àwọn ihò inú ilẹ̀, àwọn kòkòrò mìíràn tí kò rí ọ́síjìn mí mọ́ a yíjú sí náítíréètì, wọn a máa fa ọ́síjìn inú rẹ̀ yọ, nitrous oxide a sì tún jáde lọ́nà kejì. Ilẹ̀ tó tutù dáadáa tí omi kò sì bò mọ́lẹ̀ ló ń tú u jáde jù. Bí omi bá bò ó pátápátá, bíi ti oko ìrẹsì inú àbàtà, àwọn kòkòrò wọ̀nyí a jẹ ẹ́ dé òpin, ohun tó bá sì jáde lẹ́yìn náà jẹ́ náítírójìn lásán, èyí tó ti kún inú afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí gáàsì yìí fi ṣòro láti wọ̀n. Kì í jáde déédéé. Oko kan lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún oṣù méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀, kí gáàsì náà sì fò sókè fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó tún rọlẹ̀. H. F. Birch, tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, kọ ọ́ ní ọdún 1958 pé ilẹ̀ tó ti gbẹ máa ń tú náítírójìn tó pọ̀ sílẹ̀ nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí di òní. Ẹni tó bá wá wọn gáàsì ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ lè ti pàdánù ìdá tó pọ̀ nínú ti odindi ọdún. Ohun èlò tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò tilẹ̀ díjú púpọ̀: òrùka ike tàbí irin tí wọ́n tẹ̀ wọ inú ilẹ̀ láàárín ebè, ìdérí tí wọ́n fi rọ́bà kékeré dí ihò orí rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún gba inú rọ́bà náà láti fa afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ìdérí jáde, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé e, lẹ́yìn náà ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra wọn. Ìgò kékeré tí wọ́n fún afẹ́fẹ́ náà sí ni wọ́n ń gbé lọ sí yàrá ìwádìí, níbi tí ẹ̀rọ yóò ti sọ bí gáàsì náà ṣe ń pọ̀ sí i láti ìgò kìíní dé ìgò ìkẹyìn. Owó ńlá wà nínú ẹ̀rọ yẹn, sùúrù ńlá sì wà nínú kí ènìyàn máa padà lọ sí oko kan náà fún odindi ọdún, ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà náà, báwo ni orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹ̀rọ ṣe ń mọ iye tí ilẹ̀ rẹ̀ ń tú jáde? Kì í wọ̀n ọ́n. Ó ń ṣírò rẹ̀ ni. Ìwé ìlànà IPCC ti ọdún 2006 ní kí orílẹ̀-èdè kó gbogbo náítírójìn tó wọ ilẹ̀ oko jọ, ìbáà ṣe láti inú yúríà, ìgbẹ́ ẹran tàbí pòròpórò tí wọ́n fi sílẹ̀ lóko, kí ó sì ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sí èyí tó di gáàsì. Ìdá 1.25 ni ìwé ti ọdún 1996 kọ. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní ọdún 2019, wọ́n là á sí méjì: ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí wọ́n bá dà sí ilẹ̀ olójò di ìdá 1.6, ohunkóhun tí wọ́n bá dà sí ilẹ̀ gbígbẹ sì di ààbọ̀ ìdá kan. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ibi tí òjò ọdún bá ti ju mìlímítà 1000 lọ ni wọ́n ń pè ní olójò. Ìbàdàn wà ní apá kan ìlà yìí, Ṣókótó wà ní apá kejì.

Ẹ jẹ́ ká fi àpò yúríà méjì ṣe é. Àgbẹ̀ kan da àpò méjì oníkílò 50 sí hẹ́kítà àgbàdo kan. Ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún yúríà ni náítírójìn, nítorí náà kílò 46 náítírójìn ló wọlẹ̀. Bí a bá lo ìdá kan, kílò 0.46 náítírójìn ló jáde, èyí tó jẹ́ kílò 0.72 gáàsì nígbà tí a bá fi ọ́síjìn inú rẹ̀ kún un. Bí a bá fi 265 sọ ọ́ di ìlọ́po (màá sọ ìdí tí kì í fi ṣe 273 láìpẹ́), ó dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí kílò 192 gáàsì kábọ́nì. Bí a bá lo ìlànà tuntun fún ilẹ̀ olójò, àpò méjì yẹn gan-an di nǹkan bí kílò 307. Bí a bá sì ka oko náà sí ilẹ̀ gbígbẹ, ó di kílò 96. Yúríà kò yí padà, àgbàdo kò yí padà, ìwé tí a ṣí ló yí padà. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀wà ní ọjà méjì mọ̀ pé kóńgò kan tóbi ju òmíràn lọ bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, àwọn tó ń to orílẹ̀-èdè sórí àtẹ sì máa ń da ohun tí wọ́n fi oríṣìíríṣìí kóńgò wọ̀n pọ̀ sójú kan.

Ẹ tún wo 265 tí mo lò yẹn. Lábẹ́ àdéhùn Kyoto lórí ojú ọjọ́, 310 ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò; ó wá di 298; 265 ni wọ́n fẹnu kò sí fún ìròyìn tí àwọn orílẹ̀-èdè ń kọ lábẹ́ àdéhùn Paris, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 273 ni ìṣirò tó tuntun jù. Ẹni tó bá gbé ìròyìn àtijọ́ ti orílẹ̀-èdè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn tuntun ti òmíràn yóò rò pé ẹnìkan ti dín gáàsì rẹ̀ kù ní ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá ìpàdé ni àdínkù náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àtẹ Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé, ìyẹn FAO, dára ní ti pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọn gbogbo ayé. Àléébù tiwọn ni pé òṣùwọ̀n kan ṣoṣo náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àgbẹ̀ tó pín ajílẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹta àti èyí tó dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òjò ńlá tó dé.

New Zealand kò gba òṣùwọ̀n àjọgbà yìí, ìyẹn èyí tí IPCC kọ fún gbogbo ayé, ó sì ní ìdí. Ẹran ọ̀sìn tó ń jẹ̀ nínú pápá ni orísun gáàsì náà jù níbẹ̀, ìwé ọdún 2006 sì sọ pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún náítírójìn inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ló ń di nitrous oxide. Àwọn onímọ̀ wọn gbé òrùka lọ sí pápá, wọ́n wọ̀n ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé ìtọ̀ kò jọ ìgbẹ́: ìdá kan ni wọ́n kọ fún ìtọ̀, wọ́n kọ ìdá 0.25 fún ìgbẹ́. Nígbà tí IPCC fi máa tún ìwé rẹ̀ ṣe ní ọdún 2019, òun náà ti já ìdá méjì ti màlúù wálẹ̀ sí 0.4. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé orílẹ̀-èdè tó ń ta wàrà kò ní ṣàì wá òṣùwọ̀n tó gbè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn wà lákọsílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Wọ́n tilẹ̀ gbìyànjú oògùn kan tó ń jẹ́ DCD, èyí tí wọ́n ń fọ́n sí pápá kí ó lè dá àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ dúró. Ìgbà tí wọ́n rí díẹ̀ lára rẹ̀ nínú wàrà ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, nítorí pé ẹni tó ń ta wàrà fún gbogbo ayé kò lè fi orúkọ rẹ̀ ṣeré.

Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ DayCent, tó ń ṣírò ohun tó ń lọ nínú ilẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Kánádà, yìnyín ni ìṣòro. Bí ilẹ̀ tó ti dì nígbà òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, gáàsì tó ti há sínú rẹ̀ àti èyí tí àwọn kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe a tú jáde wùyà. Wagner-Riddle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò ní ọdún 2017 pé bí a kò bá ka ti àsìkò yìí, iye tí a ó kọ fún gáàsì ilẹ̀ oko gbogbo àgbáyé yóò kéré sí bó ṣe rí gan-an ní ìdá 17 sí 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, kì í ṣe ilẹ̀ olóoru nìkan ni òṣùwọ̀n àjọgbà kò bá mu.

Ti Bùràsíìlì ló dùn mọ́ mi jù. Orílẹ̀-èdè yẹn ń gbin ẹ̀wà sóyà sórí ilẹ̀ tó tóbi lọ́nà àrà, síbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ da ajílẹ̀ náítírójìn sí i rárá. Johanna Döbereiner, onímọ̀ ilẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Seropédica nítòsí Rio de Janeiro, wà lára àwọn tó jà fún un pé kí wọ́n yan irú sóyà tí kòkòrò inú kókó gbòǹgbò rẹ̀ lè máa fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìwé IPCC ti ọdún 1996 ka náítírójìn tí àwọn kòkòrò wọ̀nyí bá fà pọ̀ mọ́ ohun tó ń mú gáàsì jáde, bí ẹni pé ajílẹ̀ ni wọ́n rà. Ìgbà tí Rochette àti Janzen yẹ àkọsílẹ̀ wò ní ọdún 2005 tí wọn kò rí ẹ̀rí fún èyí ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ọdún 2006, ó wá ku pòròpórò àti ewé tó bá jẹrà lóko nìkan. Ìlà kan tí wọ́n pa rẹ́ nínú ìwé ló dín iye tí wọ́n ń kà sí oko sóyà kù, kì í ṣe àgbẹ̀ kankan. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn náà ti bí irú sóyà tí wọ́n ń pè ní TGx, tó lè bá kòkòrò tó ti wà nínú ilẹ̀ Áfíríkà tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, nítorí náà ọ̀nà yìí kò jìnnà sí wa.

Àkójọ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2024 sọ pé nínú nitrous oxide tí ọmọ ènìyàn fà, ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti inú iṣẹ́ àgbẹ̀ wá ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò gbẹ̀yìn, àti pé ní ọdún 2020, ti Ṣáínà jẹ́ ìdá 16.7, ti Íńdíà 10.9, ti Amẹ́ríkà 5.7, ti Bùràsíìlì 5.3, ti Rọ́ṣíà sì jẹ́ 4.6. Ẹni tó bá rántí iye ènìyàn tó wà ní Ṣáínà àti Íńdíà yóò rí i pé àpapọ̀ yìí kò sọ púpọ̀ nípa ìwà àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi hẹ́kítà wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ a yí padà. Ju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní ọdún 2009 pé àwọn àgbẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Àríwá Ṣáínà, tí wọ́n ń gbin àlìkámà tẹ̀ lé àgbàdo lọ́dún kan náà, ń da kílò 550 sí 600 náítírójìn sí hẹ́kítà kan lọ́dún, àti pé wọ́n lè dín in kù ní ìdá 30 sí 60 láìjẹ́ pé ìkórè wọn dín. Ìjọba wọn gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 2015 pé kí lílo ajílẹ̀ má ṣe pọ̀ sí i mọ́ tó bá fi máa di 2020. Ṣáájú ìyẹn, láti 2005 sí 2015, àwọn onímọ̀ ti bá àgbẹ̀ olóko kékeré tó tó mílíọ̀nù 20.9 ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà: ìkórè pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 11, náítírójìn tí wọ́n lò sì dín kù ní ìdá 15 sí 18. Mo kà á sí ọ̀kan lára iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn àgbẹ̀ tó tóbi jù tí ayé tíì rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n sì pinnu pé kí ajílẹ̀ tí wọ́n ń lò kúrò ní kílò 8 sí hẹ́kítà kan, kí ó di 50 tó bá fi máa di 2015. Ọdún 2015 dé, ó kọjá, Áfíríkà lápapọ̀ kò sì débẹ̀. Stoorvogel àti Smaling ti ṣírò rẹ̀ ní ọdún 1990 pé ilẹ̀ oko ìsàlẹ̀ Sàhárà ń pàdánù nǹkan bí kílò 22 náítírójìn ní hẹ́kítà kan lọ́dọọdún ju èyí tí a ń dá padà fún un lọ. Gáàsì wa kéré nítorí pé ebi ń pa ilẹ̀ wa. Àgbẹ̀ tó kórè tọ́ọ̀nù kan àgbàdo lórí hẹ́kítà kan kò gba ayé là. Bí ó bá nílò oúnjẹ púpọ̀ sí i, igbó ni yóò ṣán kún un, gáàsì tó sì ń tẹ̀yìn igbó ṣíṣán àti sísun jáde kò sí lórí àtẹ tí wọ́n ń pín kiri yẹn.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn aláṣẹ wa mú lọ sí ìpàdé ojú ọjọ́. Shcherbak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 78 jọ láti oríṣìíríṣìí ibi ní ọdún 2014, wọ́n sì rí i pé gáàsì kì í bá ajílẹ̀ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà: bí ajílẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ ju ohun tí ọ̀gbìn lè fà mu lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdá tó ń di gáàsì ń ga sí i. Èyí túmọ̀ sí pé àpò yúríà kìíní lórí ilẹ̀ tí ebi ń pa kì í ná ojú ọjọ́ ní iye tí àpò ìkẹyìn ń ná an lórí ilẹ̀ tó ti yó. Ìdá kan náà fún gbogbo àpò, bí ìlànà àjọgbà ṣe ń kà á, ń gbe ẹni tó ń dà á jù, ó sì ń ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní oko àwọn àgbẹ̀ olóko kékeré ní orí òkè ìlà-oòrùn Áfíríkà bá èyí lọ: gáàsì tí wọ́n rí níbẹ̀ kéré gan-an.

Ìṣirò náà tún ní ẹ̀yìn mìíràn. Ilé iṣẹ́ yúríà Dangote ní Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022, lè ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bùràsíìlì. Gáàsì kábọ́nì tó jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe é wà lọ́rùn Nàìjíríà nínú ìwé; nitrous oxide tó bá jáde nígbà tí wọ́n dà á sílẹ̀ wà lọ́rùn Bùràsíìlì; ẹran tàbí àgbàdo tó ti inú rẹ̀ jáde lè di ti ẹnì kẹta tí orúkọ rẹ̀ kò hàn níbì kankan. Lójú tèmi, àtẹ tí kò sọ ẹni tó jẹ oúnjẹ náà kò tíì sọ ìtàn náà tán.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá wọ̀n ní Áfíríkà ló ń jáde ní kékeré. Butterbach-Bahl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn kan nínú wọn láti ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI ní Nairobi, gbé òrùka wọn lọ sínú ọgbà tí àwọn darandaran Kẹ́ńyà ń kó màlúù sí lóru. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2020 pé ìgbẹ́ tó ti ga jọ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ń tú nitrous oxide jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn darandaran ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, àti pé ìṣirò orílẹ̀-èdè kò kà á rí. Gáà pọ̀ ní Ọ̀kè-Ògùn, láti Ìséyìn títí dé Ṣakí àti Ìgbòho, ìgbẹ́ sì ń ga jọ níbẹ̀ ní ọdọọdún, tí àwọn àgbẹ̀ kan ń wá kó o lọ sóko nígbà tí owó yúríà bá le. Bí mo bá ní àǹfààní láti yan ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ tẹ òrùka sí nílẹ̀ Yorùbá, n kò ní yan oko àgbàdo. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà màlúù ni mo máa ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.